Mo Ń Wálé

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ilé kò ṣòro rí ní Sàǹgó, ẹ bi í pé ta ló bá a wá a. Èmi tí mo fi ẹsẹ̀ ara mi wá a, mo mọ ohun tí ojú mi rí. Mo rìn títí bàtà mi fi lu. Mo sì bá ènìyàn fa ọ̀rọ̀ débi pé àwọn ajẹ́ńtì kan wà ní Ìjókò, tí wọ́n bá ti rí mi lókèèrè, wọn á yà sí kọ̀rọ̀, wọn á máa ṣe bí ẹni tó ń tọ̀.

Nígbà náà, àwa obìnrin mẹ́rin là ń gbé yàrá kan ṣoṣo lẹ́yìn ọjà Sàǹgó. Ibi iṣẹ́ kan náà ni wá, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ike: bọ́kẹ́ẹ̀tì, abọ́, àga. Èmi ni mo máa ń fi abẹ gé èyí tó bá yọ létí bọ́kẹ́ẹ̀tì. Ọ̀rẹ́ mi ló ni yàrá náà, ará Ìkirè bíi tèmi, ọmọlúàbí ènìyàn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́: bí ènìyàn mẹ́rin bá ń sùn lórí ẹní méjì, ìwà ọmọlúàbí a máa tán díẹ̀díẹ̀. Bí ẹnì kan bá fẹ́ yí padà, àfi kí gbogbo wa jọ yí padà. Ẹni tó bá kọ̀, ìjà dé nìyẹn.

Kì í ṣe nítorí ìyẹn ni mo ṣe ń wá ilé. Nítorí ọmọ mi ni. Ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún mẹ́fà, wà ní Ìkirè lọ́dọ̀ ìyá mi láti ìgbà tí mo ti wá ṣiṣẹ́ ní Ọ̀tà. Bàbá rẹ̀ ti bá tirẹ̀ lọ. Kí Ọlọ́run máa ṣọ́ ọ níbi tó bá wà, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò sí nínú èyí tí mò ń sọ. Ìyá mi kò ráhùn, ṣùgbọ́n orúnkún ń dùn wọ́n, ọmọ náà sì ti ń sáré ju èyí tí wọ́n lè lé lọ. Mo ti ṣèlérí fún un pé kí ilé ìwé tó wọlé, n óò wá mú un, a ó sì jọ máa gbé. Èṣí ni mo ṣe ìlérí yẹn. Nígbà tí mo pè é lọ́dún yìí, tí mo tún sọ ọ́, ó ní, "Màámi, ṣé ọdún yìí náà ni ọdún tó ń bọ̀ tí ẹ sọ?" Mo rẹ́rìn-ín lórí fóònù. Nígbà tí mo pa á tán, mo sunkún bí ẹni tí wọ́n nà. Yàrá kan tí apá mi ká, kí ilé ìwé tó wọlé: ohun tí mò ń wá kò ju ìyẹn lọ. N kò wá ààfin.

Ìjókò ni mo kọ́kọ́ lọ. Ilé tuntun ló kún ibẹ̀, ti àwọn tó ń jí lọ ṣiṣẹ́ l'Ékòó. Ajẹ́ńtì mú mi wọ ọ̀kan, ó ń fi ẹsẹ̀ gbá ilẹ̀ pẹ́pẹ́pẹ́. "Sista, ẹ wo ilẹ̀, táìlì ni wọ́n tẹ́ ẹ." Mo ní ó dára, ṣé táìlì ni ọmọ mi máa jẹ? Alápòtì ni mo tún lọ. Owó ti ibẹ̀ dẹ̀ díẹ̀, àwọn ènìyàn ibẹ̀ sì yá mọ́ni, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀sì ibi iṣẹ́ wa kì í débẹ̀. Tí mo bá gbébẹ̀, èmi ni n óò máa jí àkùkọ.

Mo dé ọ̀dọ̀ baálé kan nínú Sàǹgó níhìn-ín, ilé oníyàrá púpọ̀ tí gbogbo ilẹ̀kùn dojú kọ ara wọn. Ó wò mí láti òkè délẹ̀.

"Ọkọ rẹ ńkọ́?"

"Bàbá, ilé ni mo ń wá, n kò wá ọkọ."

"Àwa ò kí ń gba obìnrin tí kò bá lọ́kọ."

"Ṣé àwọn ọkọ ló máa ń sanwó ilé lọ́dọ̀ tiyín ni, sà?"

Àwọn ayálégbé tó wà ní ọ̀ọ̀dẹ̀ bú sẹ́rìn-ín, nítorí pé, bí mo ṣe wá gbọ́ lẹ́yìn náà, ìyàwó bàbá náà ló kọ́ ilé ọ̀hún. Bí yàrá yẹn ṣe bọ́ lọ́wọ́ mi nìyẹn. Ọ̀rẹ́ mi ní ẹnu mi ló ń lé ilé sá. Mo ní tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, kó máa sá lọ, ilé tó ń sá fún ọ̀rọ̀, ṣé ó máa dúró de òjò?

Bàbá tó ń ṣọ́ géètì ibi iṣẹ́ wa ló là mí lọ́nà. Ọmọ Ọ̀tà pọ́ńbélé ni. Ó ní wẹ́dà kan, ajórin, wà ládùúgbò àwọn, tó ń kọ́ ilé kékeré kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé bàbá rẹ̀, òun sì gbọ́ pé ó máa gba ayálégbé. Ó fún mi ní nọ́ńbà rẹ̀. "Ṣùgbọ́n kó o rọra sọ̀rọ̀ o, ìwọ ará òkè yìí." Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pe gbogbo àwa tí a ti Ọ̀yọ́ àti Ọ̀ṣun wá, bí ẹni pé orí igi la ti sọ̀ kalẹ̀. Lọ́jọ́ mìíràn, ǹ bá dá a lóhùn tí kò fi ní jẹun alẹ́. Lọ́jọ́ yẹn, mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́. Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta, kò ní wo ẹnu àáké.

Nígbà tí wọ́n fún wa ní ìsinmi ọ̀sán, mo pe nọ́ńbà náà. Wẹ́dà ti lọ síbi iṣẹ́, ó fi fóònù sílé ṣáájì, ṣùgbọ́n èmi kò mọ̀. Ohùn ìyá àgbà kan ni mo gbọ́.

"Salamu aleikun."

"Ẹ káàsán mà. Ẹ jọ̀ọ́ mà, mo ń wálé ni."

Ìyá náà figbe ta, àfi bí mo ṣe gbé fóònù kúrò létí. "O ń wálé? Alihamudulilahi! O ń wálé lóòótọ́?"

Mo ní nínú mi pé háà, oníbàárà mà wọ́n àwọn wọ̀nyí o. "Lóòótọ́ ni mà."

"Ṣé ìwọ nìkan ni?"

"Èmi àti ọmọ mi ni mà. Ọmọ kan ṣoṣo ni, kò ní yọ yín lẹ́nu."

"Yọ ta lẹ́nu? Ó ti tó ọmọ ọdún mélòó báyìí?"

"Ó ti pé mẹ́fà mà. Obìnrin ni."

"Ta ni ò mọ̀ pé obìnrin ni!"

Èyí rú mi lójú díẹ̀, ṣùgbọ́n mo ní àwọn àgbà náà mọ nǹkan púpọ̀. "Ṣé yàrá wà mà?"

"Yàrá rẹ wà níbẹ̀. Ta ló tó láti fọwọ́ kàn án?"

Yàrá mi! Ẹ̀yin ará, ara mi yá gágá. Mo rọra bi wọ́n pé èló ni, kó má baà di pé apá mi ò ní ká a. Ìyá rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú wọn.

"Èló kẹ̀? O fẹ́ máa sanwó nínú ilé bàbá rẹ? Ìwọ ọmọ yìí, o ò tíì yí padà! Ìgbà wo lò ń bọ̀?"

"Lọ́la mà, tí mo bá ti kúrò níbi iṣẹ́."

"Lọ́la! Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ n kú lónìí o."

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi yìí, ó ti yé yín. Èmi tí wọ́n bí sínú èdè Yorùbá, tí wọ́n fi pọn mí, kò yé mi. Wọ́n ní "ilé bàbá rẹ," mo ní ọ̀rọ̀ dídùn ni, bí àgbà tó mọ ọ̀wọ̀ oníbàárà ṣe máa ń sọ ọ́. Wọ́n ní n kò tíì yí padà, mo ní bàbá géètì ti lọ ròyìn ẹnu mi fún wọn. Mo padà sídìí bọ́kẹ́ẹ̀tì mi, mo ń kọrin. Súfáísọ̀ wa bèèrè bóyá mo jẹ tẹ́tẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, bí a ṣe kúrò níbi iṣẹ́, mo ra búrẹ́dì gígùn kan, mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ sínú Ọ̀tà lọ́hùn-ún, níbi tí àwọn ilé àtijọ́ wà. N kò tíì béèrè ilé wẹ́dà tán tí àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ fi sáré wọlé, tí wọ́n ń pariwo pé, "Wọ́n ti dé! Wọ́n ti dé!" Wọ́n ti gbá àgbàlá mọ́ tónítóní. Ìkòkò ńlá wà lórí iná, àwọn obìnrin tò yí i ká. Ẹnì kan gba báàgì lọ́wọ́ mi, ẹnì kan gba búrẹ́dì. Mo ní nínú mi pé bóyá báyìí ni àwọn ará Ọ̀tà ṣe ń gba ayálégbé. Ìwà wọn mà dára o! Àfi bí mo ṣe rí i pé bí mo ṣe ń sún mọ́ wọn, ẹ̀rín ń kúrò lójú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ìyá tí mo bá sọ̀rọ̀ lórí fóònù jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n fi ìborùn funfun borí. Àlàájà ni gbogbo ilé ń pè wọ́n, ìyá tó bí wẹ́dà. Mo kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ mà. Èmi ni mo pè lánàá, pé mo ń wálé."

Àlàájà fi ọwọ́ méjèèjì di ojú mi mú, wọ́n gbé e sókè, wọ́n wò ó pẹ́.

"Ìwọ kọ́," ni wọ́n wí.

Ìyàwó wẹ́dà sún mọ́ mi. "Aǹtí, ta lẹ̀ ń wá gan-an?"

"Ilé, mà. Ilé tí mo fẹ́ rẹ́ǹtì. Mo sọ fún màmá lánàá pé mo ń wá ilé."

Obìnrin náà tẹjú mọ́ mi. Lẹ́yìn náà ó di ikùn mú, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú ọmọrogùn lọ́wọ́. "Yéè! Mo gbé! Ilé ló ń wá! Màmá, ilé ló ń wá, kì í ṣe pé ó ń bọ̀ wálé!" Ẹ̀rín wá ta nínú àgbàlá náà bí àgbàdo inú agbada. Wọ́n ń rín, wọ́n ń lu ara wọn léjìká, àwọn ọmọdé tí kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ náà ń rín.

Ó wá ṣàlàyé fún mi. Àlàájà ní ọmọ-ọmọ kan tí wọ́n tọ́ dàgbà fúnra wọn. Ó ti lọ sókè òkun láti ọjọ́ pípẹ́, ibẹ̀ ló ti bí ọmọbìnrin kan tí Àlàájà kò tíì fojú rí. Nọ́ńbà tó fi ń pè kì í jọra, gbogbo ìgbà tó bá sì pè, ohun tó máa ń sọ ni pé òun ń bọ̀ wálé. Àlàájà jí ní àfẹ̀mọ́júmọ́, wọ́n ní kí wọ́n lọ ra ìrẹsì Ọ̀fàdà, pé òun ló fẹ́ràn jù.

Ojú gbà mí tì. Gbogbo ilé ló ń rẹ́rìn-ín, àfi èmi àti Àlàájà. Mo dìde, mo gba báàgì mi. Búrẹ́dì, àwọn ọmọdé ti já a jẹ.

"Ẹ má bínú, mà. N ó máa lọ."

"Lọ síbo?" ni Àlàájà wí. "Ọmọ tó o ní ẹ jọ ń bọ̀ dà?"

"Ó wà ní Ìkirè mà, lọ́dọ̀ ìyá mi."

"Kí ló ń ṣe lọ́hùn-ún?"

Mo fẹ́ fi sùúrù dáhùn, Ọlọ́run ló mọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti kún mi lọ́fun. "Kò síbi tí mo fẹ́ gbé e sí ni, mà! Ewúrẹ́ nílé nínú ìlú yìí, adìyẹ nílé! Mo ti ṣèlérí fún ọmọ títí ó ti wá ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ilé ìwé ti fẹ́ wọlé. Kí ni kí n tún sọ fún un?" Ẹkún bá gbà mí lọ́wọ́ ara mi. Ẹ̀rín àgbàlá náà dáwọ́ dúró.

Àlàájà fà mí jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. "Ẹ bu oúnjẹ fún un," ni wọ́n wí. "Àbí ẹ fẹ́ da ìrẹsì nù ni?"

Mo fi ojú ẹkún jẹ Ọ̀fàdà náà. Ọbẹ̀ rẹ̀ ta, irú rẹ̀ dùn, ẹja inú rẹ̀ tó ọwọ́ mi. Mo jẹ ẹ́ bí ẹni tí wọ́n torí rẹ̀ sè é. Nígbà tí wọ́n tún bu sí i, n kò kọ̀. Ìyàwó wẹ́dà ní, "Àwọn ará òkè mọ oúnjẹ jẹ o." Mo ní, "Àwọn ará Ọ̀tà náà mọ̀ ọ́n sè." Báyìí ni ẹ̀rín ṣe padà, tèmi náà sì wà níbẹ̀.

Wẹ́dà dé, wọ́n tún ìtàn náà sọ fún un látìbẹ̀rẹ̀. Ó rín títí ó fi bọ́ fìlà. Ṣùgbọ́n nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ ọ̀hún ò dára létí mi. Ilé tuntun tó ń kọ́ kò tíì lórùlé. Yàrá kan ṣoṣo tó ṣófo nínú ilé àtijọ́, ti ọmọ-ọmọ Àlàájà ni, kò sì sẹ́ni tó ń fi yàrá ọmọ ilé rẹ́ǹtì. "Ẹ má bínú, àbúrò. N ó máa bá yín bèèrè kiri." Mo ti gbọ́ "n ó máa bá yín bèèrè" nínú ìlú yìí tó bẹ́ẹ̀ tí mo mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Mo dúpẹ́, mo ní ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́.

Àlàájà ń fi àtàǹpàkò yí tẹ̀sùbáà wọn. Nígbà tó yá, wọ́n na ọwọ́ sí wẹ́dà. "Pe ọmọ mi fún mi."

Ó pe nọ́ńbà tí ọmọ náà fi pè kẹ́yìn, ó sì gbé ohùn rẹ̀ síta kí gbogbo wa lè gbọ́. Ohùn obìnrin kan jáde, ó ń yọ̀, ó ń kí Àlàájà ní mẹ́sàn-án mẹ́wàá.

"A sè fún ọ lónìí," ni Àlàájà wí. "Ẹlòmíràn ti bá ọ jẹ ẹ́." Wọ́n wá ròyìn gbogbo rẹ̀ fún un láìfi ọ̀kan pamọ́, títí dé orí ìrẹsì tí mo tún gbà. Ọmọ náà rín lókè òkun lọ́hùn-ún, ó rín, ó rín, lẹ́yìn náà ohùn rẹ̀ yí padà.

"Màmá, mo ń bọ̀ o. Mo ń bọ̀ lóòótọ́."

"Mo mọ̀. Inú ò bí mi sí ọ. Ìgbàkígbà tó o bá dé, bẹ́ẹ̀dì mi gba èmi àtìwọ àtọmọ rẹ, bí a bá fún ara wa pọ̀ díẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé ìwé ò ní dúró de ọmọ ẹni ẹlẹ́ni."

Ọmọ náà bèèrè pé, "Ọmọ ọdún mélòó ni?"

"Mẹ́fà. Bíi tìẹ náà."

"Obìnrin?"

"Obìnrin."

"Ẹ fún wọn, Màmá. Ẹ kàn sọ fún ìyá rẹ̀ pé fèrèsé ibẹ̀ kì í tì dáadáa. Ìgbọ̀nwọ́ ni kó máa fi tì í."

Mo wólẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin. N kò mọ ìgbà tí mo ṣe é. Wọ́n ní kí n dìde, n kò dìde. Àlàájà ní kí n máa gbébẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, ìgbà yẹn ni mo tó dìde. Mo ní rárá o, mo fẹ́ sanwó, nítorí pé ilé tí ènìyàn kò bá sanwó rẹ̀, kò ṣeé bínú nínú rẹ̀. Wẹ́dà wo ìyàwó rẹ̀, ó ní, "Èyí lẹ́nu o!" A fi ẹnu kò sórí èyí tí mo lè máa san lóṣooṣù tí ọmọ mi ò fi ní sùn lébi. Kò sí owó ajẹ́ńtì, kò sí owó àdéhùn, kò sí pé ọkọ dà.

Mo gba àyè níbi iṣẹ́, mo lọ sí Ìkirè. Ìyá mi di èlùbọ́, wọ́n di gààrí, wọ́n di aṣọ ọmọ, wọ́n ń ṣe bí ẹni tí kò bìkítà, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń fi etí ìró nu ojú. Ìgbà tí a dé Ọ̀tà, oòrùn ṣì mú. Ọmọ mi kúnlẹ̀ kí Àlàájà, ó kí àwọn tó kù lọ́kọ̀ọ̀kan bí ìyá mi ṣe kọ́ ọ. Lẹ́yìn náà mo ṣílẹ̀kùn yàrá fún un.

Ó wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Kí lò ń wá?"

"Ẹrù wọn," ni ó wí. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló wá kí mi ní Sàǹgó rí, àárín ẹsẹ̀ àwọn ènìyàn ló sùn lọ́jọ́ yẹn. "Àwọn wo la jọ ń gbé ibí?"

"Kò sẹ́nì kankan. Èmi àtìwọ ni."

"Tó bá di alẹ́ ńkọ́?"

"Tó bá di alẹ́, èmi àtìwọ náà ni."

Ó wò mí lójú, ó fẹ́ mọ̀ bóyá mò ń tan òun ni. Nígbà tó dá a lójú, kò dúró gbọ́ èyí tó kù. Ó fò jáde sí àgbàlá, ó ń pariwo tó fi jẹ́ pé wẹ́dà tó ń jó irin lójúde sọ ọ̀pá iná rẹ̀ sílẹ̀, ó sáré wọlé. Ó ní, kí ló dé? Kí ló ṣẹlẹ̀?

"Èmi àti màámi ni!" ni ọmọ náà ń wí fún un, ó ń fò sókè. "Èmi àti màámi nìkan ni!"